Jàmàlúdéènì Lọ Kọ́ Èébú Òyìnbó

Lọ́jọ́ tí Jàmàlúdéènì Àlàó kọ́kọ́ wọ kíláàsì ẹ̀kọ́ àgbà ní Makera, ní ìlú Kàdúná, tíṣà ní kí oníkálukú dìde, kó sọ ìdí tó fi fẹ́ gbọ́ òyìnbó. Ọdún 1961 ni. Aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ti kọjá díẹ̀, oòrùn ṣì ń ti ojú fèrèsé wọlé. Òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ aṣọ kan ní òun fẹ́ di ọ̀gá lẹ́nu iṣẹ́. Ọkùnrin kan tó ń ta aṣọ ní òun fẹ́ máa ka lẹ́tà òun fúnra òun, nítorí akọ̀wé tó ń bá òun kà á ti mọ àṣírí ilé òun ju ìyàwó òun lọ. Ó wá kan Jàmàlúdéènì. Ó dìde, ó tún fìlà ṣe pẹ̀lú ọwọ́ tí gíríìsì ti sọ di dúdú.

"Àwọn ọmọ mi ń fi òyìnbó bú mi nínú ilé tí mo ń sanwó rẹ̀," ó wí. "Mo fẹ́ máa gbọ́ ọ, kí n lè mọ iye pàṣán tó tọ́ sí ẹnì kọ̀ọ̀kan."

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Tíṣà fúnra rẹ̀, Ọláfúnkẹ́, ọmọ Ìjẹ̀bú tí kò tíì ju ọdún mẹ́tàlélógún lọ, fi ìwé bo ẹnu. Kí wọ́n tó pe ìrun ìrọ̀lẹ́ tán, ìròyìn ti dé gbogbo Makera pé Bàbá Oníkẹ̀kẹ́ lọ kọ́ èébú. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Ohun tí kò sí ẹni tó rí nínú wọn ni pé nígbà tí ọkùnrin náà padà jókòó, ẹ̀rù ń bà á. Ó ti tó ọdún kan tí ẹ̀rù yẹn ti ń bá a jí tó ń bá a jẹun, kò sì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni àfi ìyàwó rẹ̀.

Ọmọ Ìlọrin ni. Ó ti wà ní Kàdúná kí ogun Hítílà tó bẹ̀rẹ̀. Abẹ́ igi dóńgóyárò kan lójú ọ̀nà Kàkúrí ló ti ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe, níbi tí àwọn òṣìṣẹ́ ń gbà kọjá láàárọ̀ bí eéṣú. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ dáa, ẹnu rẹ̀ ló ń lé oníbàárà. Kò sí ohun tí kì í ná. Nígbà tí nọ́ọ̀sì kan sọ fún un pé abẹ́rẹ́ méjì ni òun máa gún un, ó ní kó jẹ́ ẹyọ kan, òun á dúró kó gún un dáadáa. Háúsá rẹ̀ dùn ju ti àwọn ọmọ Háúsá mìíràn lọ, àmọ́ bí o bá jẹ́ ọmọ Yorùbá tí o kí i lédè mìíràn, o ti wọ gàù.

Ẹ bi Silas léèrè. Akọ̀wé ni Silas, ọmọ Abẹ́òkúta, ẹni tó ń wọ táì gun kẹ̀kẹ́. Ó dé lọ́sàn-án ọjọ́ kan, táyà méjèèjì ti jò, ó sì da òyìnbó bolẹ̀. Jàmàlúdéènì wo ilà tó wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ó lẹ táyà iwájú, ó fún un látẹ́gùn títí ó fi le gbandi. Lẹ́yìn náà ó ṣan ọwọ́, ó jókòó, ó ń jẹ obì.

"Tẹ̀yìn ńkọ́?" Silas kígbe. Ìbínú ti gba òyìnbó lẹ́nu rẹ̀.

"Ẹn-ẹ́n! O mà lẹ́nu! Táyà iwájú yẹn, ti òyìnbó ni. Ẹ̀yìn ni ti ọmọ Abẹ́òkúta. Kí mi bí wọ́n ṣe kọ́ ọ nílé, kí n lẹ̀ ẹ́."

Silas dọ̀bálẹ̀ tòun ti táì lórí iyẹ̀pẹ̀, ó kí i tìdílé tìdílé. Láti ọjọ́ yẹn kò tún gbé kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn mọ́.

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń ṣe, àwa aládùúgbò rẹ̀ sì ń fi í ṣẹ̀fẹ̀. Ẹ̀fẹ̀ náà ló gba ibòmíràn lọ lọ́jọ́ tí Àbdùlkàrímù ará Ọ̀fà kú.

Àbdùlkàrímù ti ṣiṣẹ́ rélùwéè títí ó fi darúgbó, ilé rẹ̀ kò ju ilé kẹta sí ti Jàmàlúdéènì lọ. Kàdúná ni wọ́n bí gbogbo ọmọ rẹ̀, Háúsá nìkan ni wọ́n gbọ́. Nígbà tí ara rẹ̀ ṣì le, kò sí wàhálà, nítorí òun náà ń sọ Háúsá sí wọn. Àmọ́ nígbà tí ibà dá a dùbúlẹ̀, tí ara ń gbóná fòò, Háúsá náà sá lọ. Yorùbá Ọ̀fà tó fi mu ọmú ìyá rẹ̀ nìkan ló kù lẹ́nu rẹ̀.

Oṣù kẹta ọdún 1960 ni, ooru Kàdúná ń ho. Jàmàlúdéènì lọ kí aláìsàn lẹ́yìn ìrun ọ̀sán. Ó bá àwọn ọmọ mẹ́rin tí wọ́n yí ẹní ká, ojú gbogbo wọn ti pọ́n. Bàbá náà ń sọ pé, "Ooru ń mú mi. Ooru ń mú mi o." Àkọ́bí bá gbé bùláńkẹ́ẹ̀tì kan lé e. Bàbá tún ní, "Ẹ ká a kúrò, ẹ̀yin èèyàn mi!" Èkejì bá sáré lọ mú òmíràn wá. Ẹ̀kẹta ni wọ́n fẹ́ tẹ́ lé e yẹn nígbà tí Jàmàlúdéènì dé ẹnu ọ̀nà. Àwọn ọmọ náà kò burú o. Wọ́n fẹ́ràn bàbá wọn ni. Wọ́n rí i tó ń gbọ̀n, wọ́n rò pé òtútù ni.

Jàmàlúdéènì fò wọlé, ó fa gbogbo bùláńkẹ́ẹ̀tì náà dànù, ó gba abẹ̀bẹ̀, ó ń fẹ́ ẹ. Àbdùlkàrímù wò ó bí ẹni tó rí ará ìlú rẹ̀ lójú ogun. "O ṣé, ọmọ bàbá mi," ó wí. Kí oòrùn tó wọ̀, ó ti kú. Àìsàn náà ni yóò pa á bó ti wù kó rí, gbogbo wa la mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ Jàmàlúdéènì ti rí ojú ọkùnrin náà lábẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì, ojú yẹn kò sì kúrò níwájú rẹ̀ mọ́.

Ó wọlé, ó bá Wosilat ìyàwó rẹ̀ níbi tó ti ń din àkàrà.

"Wosilat, mo rí ikú mi lónìí."

"Áà! Àwúsù bìlláhì! Ẹ jókòó, Bàbá Zuwera, ẹ mu omi."

"Omi kọ́. Ọmọ mẹ́ta la bí. Lọ́jọ́ tí mo bá ń kú, ta ni yóò gbọ́ mi?"

Wosilat fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó wo ojú ọkọ rẹ̀, ẹ̀rín náà bá gbẹ. Ó pe Abdulwahab, ọmọ ọdún mọ́kànlá, wọlé láti ìta. Bàbá rẹ̀ bi í pé, "Bí mo bá ní ooru ń mú mi, kí lo máa ṣe fún mi?" Ọmọ náà wo ìyá rẹ̀, ó wo ilẹ̀, ó rọra fi Háúsá dáhùn pé ọ̀rọ̀ náà kò yé òun. Jàmàlúdéènì kò lù ú. Ó kàn jókòó sórí àpótí, ó fọwọ́ bojú.

Lọ́jọ́ kejì ló ṣòfin. Ẹnikẹ́ni tó bá ti kọjá ẹnu ọ̀nà òun, kó fi Háúsá àti òyìnbó sílẹ̀ lóde pẹ̀lú bàtà. Yorùbá nìkan. Ẹni tó bá ṣì í sọ, á tún un sọ lẹ́ẹ̀mẹta. Ohùn rẹ̀ sì ròkè nígbà gbogbo, nítorí ìbẹ̀rù ló ń fi kígbe, àmọ́ báwo lọmọ ṣe fẹ́ mọ̀ bẹ́ẹ̀?

Kí làwọn ọmọ ṣe? Wọ́n ya odi. Zuwera, àkọ́bí, bó bá fẹ́ iyọ̀, á fún àtàńpàkò mọ́ ìka. Bí ọbẹ̀ bá ta jù, Abdulwahab á yọ ahọ́n síta. Àdíját tó kéré jù, ọmọ ọdún mẹ́fà, kò lè mú un mọ́ra. Ọ̀rọ̀ á kún inú rẹ̀, á sáré jáde, á dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà, á fi Háúsá tú gbogbo rẹ̀ síta lẹ́ẹ̀kan náà, á wá padà wọlé pẹ̀lú ẹnu pípadé. Àwọn aládùúgbò ní àlùjọ̀nnú ló ń yọ ọ́ lẹ́nu, obìnrin kan tilẹ̀ ti lọ gba omi hantú wá lọ́dọ̀ àfáà láti fi wò ó.

"Bàbá Zuwera," Wosilat wí lọ́jọ́ kan tí gbogbo ilé jẹun tán láìsí ẹni tó sọ̀rọ̀, "ẹ ti sọ ilé wa di ibojì. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ yìí sọ ohun tó bá wá sí wọn lẹ́nu."

"Wọn ò ní gbàgbé èdè mi níṣojú mi."

"Èdè tí wọ́n gbọ́ díẹ̀ tẹ́lẹ̀ gan-an, ẹ ti dẹ́rù bà á sá lọ."

Kò gbọ́. Ó ti ń wú ikọ́ nígbà yẹn, ó ní eruku ọ̀nà Kàkúrí ni. Láìpẹ́ ló wá ṣàkíyèsí nǹkan mìíràn. Àwọn ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí fi òyìnbó sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ìdí rẹ̀ yé e: Háúsá, kò sí ibi tí wọ́n lè sá sí tí kò ní gbọ́. Òyìnbó nìkan ni kò lè tẹ̀lé wọn wọ̀. Wọn a wò ó, wọn a sọ̀rọ̀, wọn a tún wò ó. Bó bá ti sún mọ́ wọn, wọn a dákẹ́. Ta ni yóò rí irú èyí tí kò ní rò pé èébú ni? Bó ṣe di ọmọ ilé-ìwé lẹ́ni ọdún méjìdínláàádọ́ta nìyẹn.

Nínú kíláàsì, "ẹ̀yin tíṣà" ló ń pe Ọláfúnkẹ́. Tí wọ́n bá ti dé ojú títì, ó di "ìwọ Fúnkẹ́ yìí." Lọ́jọ́ kejì ẹ̀kọ́, Fúnkẹ́ kọ orúkọ tí òyìnbó ń pe ológbò sára pátákó. Jàmàlúdéènì nawọ́.

"Ẹ̀yin tíṣà, ẹ pa ìyẹn rẹ́. Ọmọ kì í fi ológbò bú bàbá rẹ̀. Òmùgọ̀ ni kí ẹ fún mi."

"Bàbá, ìwé là ń tẹ̀lé. Ológbò ló ṣáájú."

"Ó dáa. Mo gba ológbò. Ẹ wá fi òmùgọ̀ kún un."

"Èmi kì í kọ́ èèyàn ní èébú, sà."

"Ológbò àti ajá. Mo gba méjèèjì. Ẹ fi òmùgọ̀ kan ṣoṣo ṣènì fún mi, tíṣà, oníbàárà yín ni mí."

Kí oṣù kejì tó parí, ó ti gba ológbò, ajá, àga àti agboorùn, tíṣà sì ti fi òmùgọ̀, ọ̀lẹ àti arúgbó ṣènì. Kò sí ẹni tó jìyà ẹ̀kọ́ tó o nínú kíláàsì yẹn. Bó ṣe ń wú ikọ́ ló ń tẹ̀lé tíṣà ní pípè, àkísà kan wà lọ́wọ́ rẹ̀ tó fi ń nu ẹnu, kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí inú rẹ̀.

Ìdánwò dé lẹ́yìn oṣù mẹ́fà. Ọjọ́ Jímọ̀ kan ni, lẹ́yìn tó ti mọ́sálásí dé. Ó tẹ́ ẹní sí pálọ̀ létí fèrèsé ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí han-nrun irọ́. Híhan-nrun náà pọ̀ jù, Wosilat yọjú láti kíṣìnnì wò bóyá ó ti dákú. Ó fọwọ́ lé e pé kó máa lọ. Láìpẹ́ àwọn ọmọ jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, òyìnbó bẹ̀rẹ̀.

Ó dẹtí fún òmùgọ̀, kò gbọ́ ọ. Ó dẹtí fún ọ̀lẹ, kò sí níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ń yára kọjá, kò yé e rárá. Ó wá rántí bí wọ́n ṣe kọ́ ọ ní ilé-kéwú ní Ìlọrin: o kò ní dúró de ìtumọ̀ kí o tó há a sórí. O máa há a ná, ìtumọ̀ á wá bá ọ. Ó bẹ̀rẹ̀ sí ká ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ rẹ̀ sórí bí ẹni ń ká Kùránì, ètè rẹ̀ ń mì lórí ẹní, ó di í mú títí tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì fi mọ́.

Láàárọ̀ Sátidé, ó bá Fúnkẹ́ níbi tó ti ń gbá kíláàsì. Kò kí i dáadáa, ó bẹ̀rẹ̀ sí kà á. Ohùn kéwú ló fi kà á, ó ń fà á, ó ń gbé e sókè, ó ń mì síwá mì sẹ́yìn, òyìnbó ìsọ̀rọ̀ ọmọdé láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ìgbálẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ Fúnkẹ́. Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ fẹ́ rín. Lẹ́yìn náà ọ̀rọ̀ náà yé e, omi sì lé ròrò sójú rẹ̀.

"Ìwọ Fúnkẹ́ yìí, sọ ọ́. Kí ni wọ́n pè mí?"

"Wọn ò pè yín ní nǹkan kan, Bàbá." Ó jókòó. "Zuwera ní òun rí ẹ̀jẹ̀ lára àkísà tí ẹ fi ń nu ẹnu. Ó ní ó ti pẹ́. Abdulwahab ní kó lọ sọ fún yín pé kí ẹ lọ sí ọsibítù. Zuwera ní òun ò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ ní Yorùbá, pé bí òun bá ṣì í sọ, ẹ ó kígbe mọ́ òun, ẹ ó ní kí òun tún un sọ lẹ́ẹ̀mẹta."

"Èyí kékeré ńkọ́? Àdíját sọ̀rọ̀."

"Ó ní, 'Ṣé Bàbá máa kú?'"

"Kí ni wọ́n fi dá a lóhùn?"

"Wọn ò dá a lóhùn, Bàbá. Ibẹ̀ lẹ kà á dé."

Jàmàlúdéènì wo ọwọ́ rẹ̀. "Kò wá sí èébú kankan níbẹ̀? Kódà, kékeré báyìí?"

"Kò sí, sà."

Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó bú sẹ́kún. Bí a bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bá. Òfin tó ṣe nítorí kí àwọn ọmọ rẹ̀ lè gbọ́ ọ lọ́jọ́ ikú ló fẹ́ mú kó kú láìgbọ́ wọn.

Ó délé, ó pe àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta síwájú. Ó ti ní kí Fúnkẹ́ kọ́ òun ní gbólóhùn òyìnbó kan, ó ti ń tún un sọ láti Makera títí dé ẹnu ọ̀nà. Gbólóhùn náà ni pé kí wọ́n máa sọ̀rọ̀, òun ò ní kígbe mọ́. Ẹ̀rù kò jẹ́ kó lè rọra sọ ọ́. Ariwo ló fi sọ ọ́, igbe tó mi páànù lórí ilé. Àdíját kó sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Abdulwahab ti dé ìta kó tó rántí pé bàtà òun ṣẹ́kù.

Zuwera nìkan ló dúró. "Bàbá," ó wí, "ẹ̀jẹ̀... ẹ̀jẹ̀ ó... jini yana fitowa... ó jáde, Baba. Ẹ lọ asíbítì. Don Allah. Ẹ̀rù ó ń mú wa."

Ẹnu Jàmàlúdéènì ti là láti tún un ṣe. Wosilat tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ dáadáa.

"Mo gbọ́," ó wí. "Mo gbọ́, ọmọ mi. Gbogbo rẹ̀ ni mo gbọ́."

Ọjọ́ Mọ́ńdè ló dé ọsibítù. Oṣù mẹ́rin ló lò níbẹ̀, kò sì sí abẹ́rẹ́ kan tí kò ná. Nígbà tó padà délé, èdè mẹ́ta ló ń pariwo nínú ilé náà bí ọjà Alárùn-ún. Òun fúnra rẹ̀ ti ná òfin rẹ̀ wálẹ̀: ẹ̀ẹ̀mẹta di ẹ̀ẹ̀kan, tí ẹni náà bá fẹ́. Zuwera bẹ̀rẹ̀ sí jókòó ti ìyá rẹ̀ nídìí àkàrà, ibẹ̀ ni Yorùbá ti ń wọ̀ ọ́ lára díẹ̀díẹ̀ láìsí ẹni tó pariwo mọ́ ọn. Ti Abdulwahab kò wọlé bẹ́ẹ̀. Ó ń gbìyànjú, ṣùgbọ́n kò kọjá ìkíni. Bàbá rẹ̀ máa ń wò ó nígbà mìíràn, ẹ̀rù àtijọ́ yẹn á tún yọjú, á sì gbé e mì.

Ọdún mẹ́rin ló fi jẹ ìgbádùn ariwo yẹn. Nígbà ọyẹ́ ọdún 1965, ikọ́ náà padà, kò sì gba ná mọ́.

Ọ̀sán ni. Àwa aládùúgbò dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ẹnikẹ́ni kò lè gbé ojú sókè. Gbogbo wa la mọ ohun tí ọkùnrin yìí ti ń bẹ̀rù láti ọdún márùn-ún, ó sì ti dé. Háúsá ti sá kúrò lẹ́nu rẹ̀ bó ṣe sá kúrò lẹ́nu Àbdùlkàrímù. Òyìnbó tòun ti ológbò àti agboorùn ti lọ pátápátá. Ó la ojú, ó wo àwọn ọmọ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì sọ̀rọ̀. Ohùn rẹ̀ kéré.

"Ẹ má jẹ́ kí ìyá yín dá nìkan jẹun."

Abdulwahab, tó ti di géńdé, tẹ̀ mọ́ Zuwera, ó fi Háúsá bi í létí pé kí ni Bàbá wí. A gbọ́ ọ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Jàmàlúdéènì náà gbọ́ ọ. Ojú rẹ̀ là gbàgà, mi ò lè gbàgbé ìbẹ̀rù tí mo rí níbẹ̀.

Zuwera kò dá a lóhùn létí. Ó sọ ọ́ sókè kí bàbá wọn lè gbọ́ bí òun ṣe ń sọ ọ́. Ó fi Háúsá sọ ọ́ fún Abdulwahab, kò yọ nǹkan kan kúrò, kò fi nǹkan kan kún un. Ó fi òyìnbó sọ ọ́ fún Àdíját, tí òyìnbó ti wá dùn mọ́ lẹ́nu jù. Lẹ́yìn náà ó yíjú padà sí ọkùnrin tó wà lórí ẹní, ó fi Yorùbá bi í.

"Ṣé bí ẹ ṣe wí i nìyẹn, Bàbá?"

Ó mi orí. Ojú rẹ̀ rọ̀ wálẹ̀ pẹ̀lẹ́. "Bẹ́ẹ̀ ni mo wí i," ó ní, kò sì tún sọ nǹkan mìíràn.

Tí ẹ bá dé Makera lọ́wọ́ àárọ̀, ẹ yà kí Wosilat. Ó ti darúgbó, ìtàn ọkọ rẹ̀ ni yóò sì kọ́kọ́ sọ fún yín, á rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú rẹ̀. Ẹ ó bá Abdulwahab níwájú rẹ̀ pẹ̀lú àwo tirẹ̀, kó tó lọ síbi iṣẹ́. Ìyá ń sọ Yorùbá, ọmọ ń sọ Háúsá, ẹ̀kọ kan náà ni wọ́n jọ ń mu. Láti ọjọ́ tí Jàmàlúdéènì ti kú, obìnrin náà kò tíì dá nìkan jẹun rí.